Ìrèké, ṣúgà, àti omi dúdú tó ń kù nísàlẹ̀ ìkòkò

  Ẹni tí kò bá lè ka ọ̀rọ̀ yìí tán lẹ́ẹ̀kan, kí ó máa kà á díẹ̀díẹ̀. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò le.

Ìbéèrè ìyá kan ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Ní kíláàsì ìwé kíkà wa kan, à ń ka ẹ̀kọ́ nípa ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Ìwé náà ní kí a po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ náà mu. Ìyá náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ dákun. Láti kékeré ni àwọn ìyá wa ti ń sọ fún wa pé ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ọmọ tó ti ń ṣu omi, ẹ tún ní kí n fún un ní ṣúgà? Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa ọmọ ni?"

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá tèmi ṣe kọ́ mi. Mo ní: "Ìyá, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí." Mo wádìí lóòótọ́. Mo rí èsì ìbéèrè náà, mo sì tún rí ohun tó pọ̀ jù ú lọ. Mo rí ìtàn ìrèké, mo sì rí i pé ìtàn náà kan àwa gan-an, àwa ọmọ etíkun yìí. N ó dá ìyá náà lóhùn kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ìrèké.

Ohun tó wà nínú ìrèké

Kò sí ẹni tí kò mọ ìrèké nínú wa. À ń gbìn ín sí àbàtà àti sí etí odò. Àwọn ọmọdé ń jẹ ẹ́ bọ̀ láti ilé ìwé. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, ìrèké máa ń wà nílẹ̀ pẹ̀lú oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare, a ó sì gbàdúrà pé kí ayé ọmọ náà dùn. Bí a bá ń jẹ ẹ́, a ó fa omi rẹ̀ mu, a ó sì tu pàǹtí rẹ̀ dànù. Ẹni tó ní ilé iṣẹ́ ṣúgà kì í da pàǹtí yẹn nù ní tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣúgà nìyí. Wọn á gé ìrèké, wọn á sì tètè gbé e dé ilé iṣẹ́, nítorí bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, adùn rẹ̀ á máa dín kù. Wọn á tì í bọ àárín àwọn irin ńláńlá tó ń yí. Irin náà á fún un títí omi inú rẹ̀ á fi tán. Wọn á mú ìdọ̀tí kúrò nínú omi náà, wọn á sì sè é títí á fi ki. Bí ó bá ti ki dáadáa, ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní wóro-wóro nínú rẹ̀. Nígbà náà ni wọn á dà á sínú ẹ̀rọ kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́, tó sì ń yí kíákíá. Wóro ṣúgà á dúró sínú ẹ̀rọ, omi á jáde. Wọn á tún omi yìí sè, wọn á tún yọ ṣúgà nínú rẹ̀, títí tí ṣúgà kò fi ní lè dì mọ́.

Omi dúdú kan ló máa kù. Ó ki bí oyin, ó dúdú bí ọ̀dà. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó ní ìkorò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Àwọn Faransé ń pè é ní mẹlásì, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ó sì ṣe máa pè é.

Nínú tọ́ọ̀nù ìrèké kan, ìyẹn kílò 1,000, ilé iṣẹ́ lè rí bíi kílò 100 ṣúgà. Ó lè rí kílò 30 sí 40 mẹlásì, àti kílò 250 sí 300 pàǹtí tútù. Omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù.

Ibi tó ti wá

Ìrèké kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Erékùṣù kan tó ń jẹ́ Niu Gíní ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe Gíní ti Konakry o. Èyí jìnnà, ó wà lókè Ọsirélíà, ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń là. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Íńdíà. Àwọn ará Íńdíà ló kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń sè é di ohun líle tí a lè gbé rìn. Wọ́n ń sè é pọ̀ mọ́ omi dúdú rẹ̀, láìyọ mẹlásì kúrò, á wá dì bí ọṣẹ dúdú. Gúr ni wọ́n ń pe irú èyí, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ títí di òní. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 325 kí a tó bí Jésù, àwọn ọmọ ogun Alẹkisáńdà ọba dé Íńdíà. Nearchus, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ròyìn pé òun rí koríko kan tó ń mú oyin wá láìsí kòkòrò oyin. Lẹ́yìn èyí, àwọn ará Páṣíà kọ́ iṣẹ́ náà, àwọn Lárúbáwá sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé ìrèké dé Íjíbítì, wọ́n gbé e dé Sípéènì. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó ń jẹ́ súkàrì ni àwọn òyìnbó sọ di tiwọn, tí àwa náà fi ń pè é ní ṣúgà.

Ní ilẹ̀ òyìnbó ayé ìgbà náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn ni wọ́n ti ń ra ṣúgà. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń po egbòogi kíkorò mọ́ ọn. Olówó nìkan ló lè rà á.

Bí mẹlásì ṣe dé etíkun wa

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Àwọn Pọtugí gbin ìrèké sí erékùṣù Madeira ṣáájú ọdún 1460. Kí ọdún 1500 tó pé, wọ́n ti gbé e dé São Tomé, erékùṣù tó wà nínú òkun ní ìsàlẹ̀ wa níbí. Ènìyàn dúdú tí wọ́n rà ní etíkun Áfíríkà ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ oko náà. Ní ọdún 1493, Christophe Colomb gbé ìrèké lọ sí erékùṣù tí Haiti wà lórí rẹ̀ lónìí. Nígbà tó fi máa di 1540, oko ìrèké ti wà ní Bràsíìlì.

Iṣẹ́ ìrèké le púpọ̀. Bí ìkórè bá dé, ẹ̀rọ kì í sinmi lọ́sàn-án lóru, nítorí ìrèké tí a ti gé kò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹni tó ń ti ìrèké bọ àárín irin lóru, tí oorun bá gbé e lọ, irin náà lè fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Àwọn tó dé ibẹ̀ ní ayé ìgbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n máa ń fi àáké sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n lè tètè gé apá ẹni tí irin bá mú, kí gbogbo ara rẹ̀ má bàa wọlé. Àwọn tó ń sè é náà ń dúró ti ìkòkò gbígbóná láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ẹrú kì í pẹ́ láyé ní irú ibẹ̀. Bí wọ́n ti ń kú ni àwọn olóko ń wá òmíràn.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ti ka ìwé àwọn ọkọ̀ ojú omi ìgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bíi mílíọ̀nù 12 àbọ̀ ènìyàn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ní Áfíríkà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 ló gúnlẹ̀ láàyè. Nínú àwọn tí wọ́n kó lọ, bíi mílíọ̀nù 2 ló wọkọ̀ ní etíkun tiwa yìí: ní Wídà, ní Àjàṣẹ́, ní Àgbádárìgì, ní Èkó, àti ní àwọn èbúté tó wà láàárín wọn. Oko ìrèké ni púpọ̀ nínú wọn bá lọ.

Kí ni wọ́n fi rà wọ́n? A máa ń gbọ́ nípa ìbọn, aṣọ, owó ẹyọ àti ọtí líle. Gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Ṣùgbọ́n ní etíkun tiwa, tábà Bahia wà nínú ohun tó níyì jù. Bahia jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní Bràsíìlì, wọ́n ń gbin ìrèké níbẹ̀, wọ́n sì ń gbin tábà. Ewé tábà tó dára ni wọ́n ń kó lọ fún ọba wọn ní ìlú Lisbon. Èyí tí kò dára, ewé kéékèèké tó ti fàya, ọba kò fẹ́ ẹ. Kí ni àwọn olóko wá ṣe sí i? Wọ́n lọ́ ọ bí okùn, wọ́n ká okùn náà jọ di ẹrù ńlá, wọ́n sì ń fi mẹlásì pa á lára léraléra kí ó má bàa gbẹ. Wọ́n fi awọ màlúù dì í. Mẹlásì yìí mú kí tábà náà rọ̀, ó sì fún un ní òórùn dídùn. Àwọn bàbá wa fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kì í fẹ́ gba òmíràn.

Ní ọdún 1637, àwọn ará Hólàndì gba odi Elmina, tó wà ní Gánà ti òní, lọ́wọ́ àwọn Pọtugí. Àwọn Hólàndì kò ní tábà yìí. Nítorí náà wọ́n gbà kí ọkọ̀ Bràsíìlì máa wá tà á ní èbúté mẹ́rin péré: Grand-Popo, Wídà, Jákìn àti Apá. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà ní Elmina, kí ó san ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹrù rẹ̀. Ẹni tó tú ìtàn yìí sílẹ̀ jù ni Pierre Verger, Faransé kan tó gbé ní Bahia fún ọdún púpọ̀. Kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará Kétu, nítorí ní Kétu ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúnmbí. Ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí òwò yìí jáde ní ọdún 1968.

Ẹ wá wò ó. Ẹrú ló gé ìrèké. Omi tó ṣẹ́kù lára ìrèké náà ni wọ́n fi pa tábà tí ọba wọn kọ̀. Tábà yẹn ni wọ́n gbé wá síbí fi ra ẹrú mìíràn, tó tún lọ gé ìrèké. N kò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe òyìnbó nìkan ló jẹ nínú òwò náà. Àwọn ọba tiwa àti àwọn olówó tiwa ló gba tábà náà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan ní àwọn ọdún 1820 àti 1830, àwọn ènìyàn wa ló pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Ní Bahia, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní Kúbà, Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí di òní, àwọn olórìṣà Bahia ń pe ẹ̀yà ìsìn wọn kan ní Kétu.

Wọn kò kàn káwọ́ gbera o. Ní ọdún 1791, àwọn ẹrú oko ìrèké dìde ní ilẹ̀ tó di Haiti, wọ́n sì dá orílẹ̀-èdè tiwọn sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1804. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí Nàgó dìde ní Bahia. Ogun Malê ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn Ìmàle tiwa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1843, obìnrin Lukumí kan tó ń jẹ́ Carlota kó àwọn ẹrú ilé iṣẹ́ ṣúgà Triunvirato jáde jà ní Kúbà. Wọ́n pa á. Lẹ́yìn ogun ti Bahia, wọ́n lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀ wálé. Àwọn ni Àgùdà tí a mọ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Wídà, ní Agoué àti ní Èkó. Ẹni tó bá ti rí mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ ti Àjàṣẹ́ mọ̀ pé ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Bràsíìlì kò dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ tán títí di ọdún 1888.

Ọtí, owó-bodè, àti ìkún omi tí kì í ṣe omi

Bí a bá bu omi lu mẹlásì, tí a fi ìwúkàrà sí i, á hó, á kan, á di ọtí. Bí a bá sè é bí a ti ń sè sódàbì, tí a gba oruru rẹ̀ sínú ìgò, ọtí líle tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀mù nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti àríwá ń ra mẹlásì ní àwọn erékùṣù ìrèké, wọ́n ń fi ṣe rọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń gbé rọ́ọ̀mù náà wá sí Áfíríkà fi ra ẹrú.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣàkóso wọn nígbà náà, fi owó-bodè lé mẹlásì ilẹ̀ mìíràn ní ọdún 1733. Ẹ̀yin ará ààlà, ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀. Ní 1764, ìjọba dín owó náà kù, ṣùgbọ́n ó fi àwọn aṣọ́bodè sí i gidigidi, ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Ní 1776, Amẹ́ríkà sọ pé òun kò sí lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. John Adams, tó ti jẹ ààrẹ wọn, kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní 1818 pé mẹlásì wà lára ohun tó bí òmìnira wọn, kò sì sí ìtìjú nínú kí a sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú Boston tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1919, táǹkì ńlá kan tí wọ́n kó mẹlásì sí bẹ́. Ó ga tó mítà 15, mẹlásì inú rẹ̀ sì ju lítà mílíọ̀nù 8 lọ. Ó ya lu àdúgbò bí ìgbì òkun, ó wó ilé, ó bo ẹṣin mọ́lẹ̀. Ènìyàn 21 ló kú, bíi 150 ló fara pa. Táǹkì náà ti ń jò tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọdé máa ń gba mẹlásì tó ń jò níbẹ̀. Dípò kí àwọn tó ni ín tún un ṣe, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tó jọ àwọ̀ mẹlásì kí ẹnì kan má bàa rí i. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ìrèké tó ń wa ọkọ̀

Ní àtijọ́, igi ni wọ́n fi ń sè omi ìrèké, igbó sì ń tán lọ nítorí rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Norbert Rillieux, tí wọ́n bí ní Louisiana ní ọdún 1806, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú tó ní òmìnira, ló wá ọgbọ́n kan. Ó ṣe ẹ̀rọ tí oruru ìkòkò kìíní fi ń se ìkòkò kejì, tí ti ìkejì sì ń se ìkẹta. Ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1843. Ọgbọ́n yìí dín igi tí wọ́n ń sun kù púpọ̀, ó sì gba àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìkòkò gbígbóná. Wọ́n ṣì ń lò ó ní ilé iṣẹ́ ṣúgà gbogbo. Lónìí, pàǹtí ìrèké fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sun láti sè é. Ilé iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ ń fi iná pàǹtí náà ṣe iná mànàmáná tà fún ìlú. Wọ́n tún ń fi í ṣe bébà.

Ní ọdún 1973, owó epo rọ̀bì fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin ní gbogbo ayé. Bràsíìlì ń ra bíi 80 nínú gbogbo 100 àgbá epo tó ń lò láti òkèèrè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, ìjọba wọn pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ìrèké ṣe ọtí tí ọkọ̀ yóò máa mu. Láti ara omi ìrèké àti láti ara mẹlásì ni wọ́n ti ń ṣe é. Tọ́ọ̀nù ìrèké kan ń fún wọn ní bíi lítà 80. Ní 1979, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tó ń fi ọtí nìkan rìn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, owó ṣúgà lọ sókè, àwọn olóko sá padà sídìí ṣúgà, ọtí wọ́n, àwọn ọlọ́kọ̀ sì tò títí wọ́n fi sú. Láti ọdún 2003 ni ọkọ̀ tó lè mu méjèèjì ti dé, ẹni tó ni ín á ra èyí tó bá pọ́ lọ́jọ́ náà. Ọtí ọkọ̀ kì í ṣe ọtí ènìyàn o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́ ọ wò.

Nílé wa níbí, Ṣábẹ̀ẹ́ ni a ti mọ ilé iṣẹ́ ṣúgà. Ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà ló pa owó pọ̀ dá a sílẹ̀ ní ọdún 1975, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Iṣẹ́ náà kò lọ bí wọ́n ti rò ó. Ní ọdún 2003, wọ́n fi í lé ilé iṣẹ́ kan láti Ṣáínà lọ́wọ́. Ní Tógò, àwọn ará Ṣáínà náà ló kọ́ ti Anié, ní òkè Àtàkpamé, ní àwọn ọdún 1980.

Àwọn tó ń sin màlúù náà ń lo mẹlásì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko bá ti gbẹ, ẹran kì í fẹ́ jẹ ẹ́, èyí tó bá jẹ kì í ní agbára nínú. Ní Íńdíà, wọ́n ń po mẹlásì mọ́ èérí ọkà, iyọ̀ àti yúríà díẹ̀, wọ́n ń mọ ọ́n bí búlọ́ọ̀kù, màlúù á máa lá a. Yúríà yìí jẹ́ májèlé bí ó bá pọ̀, ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ nìkan ló sì lè gbà á. Ẹ má ṣe dán an wò láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹran wà pẹ̀lú yín.

Oògùn, àti èsì ìyá náà

Mẹlásì ní èròjà irin, tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ní àwọn èròjà mìíràn tí ṣúgà funfun kò ní mọ́. Nítorí èyí, àwọn ìyá àgbà ní Amẹ́ríkà ń fún ọmọ ní mẹlásì bí wọ́n ti ń fún un ní oògùn. Ní Íńdíà, wọ́n ń fún ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́njú ń ṣe ní omi ìrèké. Èmi kò rí ẹ̀rí pé ó ń wo ibà náà sàn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi mẹlásì ṣeré, ṣúgà ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oògùn kan wà tí ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣeé jà níyàn. Ọmọ tó ń ṣu gbuuru, omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ló ń tán. Ohun tó ń pa á nìyẹn. Bí a bá fún un ní omi lásán, ìfun rẹ̀ kì í gbà á tó. Ní ọdún 1960, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Crane ṣàlàyé pé ìfun ní ilẹ̀kùn kan tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ máa ń gbà wọlé. Bí àwọn méjèèjì bá wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Ṣúgà ló ń fa iyọ̀ àti omi padà sínú ara ọmọ.

Ní 1971, ogun lé àwọn ará Bangladesh sá wọ Íńdíà, àrùn onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ wọn. Dókítà Dilip Mahalanabis kò ní omi abẹ́rẹ́ tó mọ́. Ó po ṣúgà, iyọ̀ àti omi sínú àgbá, ó ní kí àwọn ẹbí máa bù ú fún aláìsàn. Ṣáájú ìgbà náà, bíi 30 ló ń kú nínú 100. Lẹ́yìn rẹ̀, kò tó 4.

Láti 1980 títí di 1990, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ BRAC rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé ní Bangladesh. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ju mílíọ̀nù 12 lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá náà kò mọ̀wé, ilé wọn kò sì ní ṣúgà funfun. Gúr ló wà nílé wọn, ṣúgà dúdú tí mẹlásì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, èyí tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Wọ́n kọ́ wọn pé: iyọ̀ tí ìka mẹ́ta bá mú, gúr ẹ̀kúnwọ́ kan, omi bí ìdajì lítà. Wọ́n fi àmì sára ìkòkò ìyá kọ̀ọ̀kan níbi tí omi náà gbọ́dọ̀ dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá mọ̀ ọ́n sórí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé àwọn olùkọ́ fúnra wọn kò gbà á gbọ́, àti pé àwọn ọkọ kò fẹ́. Wọ́n tún àwọn olùkọ́ kọ́, wọ́n pe àwọn ọkùnrin jọ bá wọn sọ̀rọ̀, nǹkan sì yí padà. Nígbà tí mo ka ibí yìí, mo rántí bí èmi náà ṣe dákẹ́ ní kíláàsì.

Nítorí náà, ìyá wa, èsì yín nìyí. Àwọn ìyá wa kò parọ́ tán. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú omi, ó máa ń fa omi ara wọ inú ìfun, ìgbẹ́ náà á sì le sí i. Nítorí èyí ni a kò fi gbọ́dọ̀ fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò. Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ewu ni pẹ̀lú.

Bí ilé ìwòsàn yín bá ní oògùn náà nínú àpò kékeré, èyíinì ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ mú lítà 1 omi tí ẹ ti sè, tí ó ti tutù. Ẹ fi ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì wọn ṣúgà 6, kí ẹ fi ọwọ́ ra orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan kí ó tẹ́jú. Ẹ fi ìdajì ṣíbí kan náà wọn iyọ̀. Ẹ rò ó pọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ ní iyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ máa fi ṣíbí fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bì í, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tó sì mọ́, ẹ da èyí tó kù nù, kí ẹ po òmíràn. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tàbí tí kò lè mu mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fún un mu lójú ọ̀nà. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fún ọmọ ní oògùn síńkì tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ náà tètè dá.

Ẹni tí kò bá ní ohun tó gba lítà kan gérégé, kí ó gbé ìkòkò rẹ̀ wá sí kíláàsì. A ó bá a wọn omi sí i, a ó sì fi ìṣó fa ìlà sí ibi tó dé.